Ẹ yéé gbé áyọ́ọ̀nù lé fìlà fẹdórà

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń bá wa gbé èdè wa sórí bébà. Aránfìlà ni mí ní Mushin. Láti 1983 ni mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà ló sì gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín lónìí. Èmi kì í kọ lẹ́tà. Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi tẹ èyí sórí fóònù rẹ̀ bí mo ṣe ń sọ ọ́, nítorí náà tí ẹ bá dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti gùn jù, òun ni kí ẹ bi. Ó ní òun ò ní gé nǹkan kan kúrò.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, arábìnrin tó ń kọ ojú ewé oge fún yín sọ pé bí fìlà òyìnbó tí wọ́n ń pè ní fẹdórà bá wó tàbí tó rún, kí èèyàn wọ́n omi sí i dáadáa, kó tẹ́ aṣọ lé e, kó fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi gbẹ, kó wá sá a sóòrùn kó lè le. Mo ka á lẹ́ẹ̀mejì. Mo rò pé ojú mi ló ń ṣe mí. Nígbà tí mo rí i pé ojú mi kọ́, mo rẹ́rìn-ín, mo ní ta ni yóò gbọ́ irú èyí kó ṣe é?

Ọmọkùnrin kan ṣe é.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ló wọ ìsọ̀ mi, ó gbá ọ̀rá dúdú kan mọ́ àyà bí ẹni gbé adìẹ tó ń ṣàìsàn. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ gbà mí." Mo tú ọ̀rá náà. Fìlà bàbá rẹ̀ ni. Bàbá ti papòdà, ìdílé sì ti fẹnu kò pé àkọ́bí ni yóò dé e lọ́jọ́ ìsìnkú. Fìlà aláwọ̀ eérú ni, irun ehoro gidi, ríbọ́ọ̀nù dúdú tó fẹ̀ tó ìka méjì yí i ká. Ẹni tó bá mọ fìlà, tó bá kàn fọwọ́ kàn án, yóò mọ̀ pé kì í ṣe owó kékeré ni bàbá náà kó sílẹ̀ lọ́jọ́ tó rà á. Ṣùgbọ́n orí fìlà náà ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Ojú áyọ́ọ̀nù hàn lára rẹ̀ gbangba, ibẹ̀ ń dán bí ìdí ṣòkòtò akọ̀wé. Etí rẹ̀ ti súnkì, ó ń ká bí ewé tí oòrùn pa. Awọ tó yí inú rẹ̀ ká, èyí tó máa ń kan iwájú orí, ti gan, ó ti le koko. Mo fi tépù wọn inú rẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 56. Orí ọmọ náà jẹ́ 58. Àmì inú awọ náà sì kà pé 7¼ ní nọ́ńbà fìlà òyìnbó, èyí tí í ṣe sẹ̀ǹtímítà 58 gan-an.

Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ. Ó mú fóònù jáde, ó fi ojú ewé yín hàn mí.

Olóòtú, mi ò wá jà. Ẹni tó ń kọ nípa aṣọ òfì lọ́sẹ̀ yìí, tí yóò kọ nípa bàtà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kò lè mọ gbogbo rẹ̀ tán. Àmọ́ àwọn èèyàn gba ohun tó bá wà nínú ìwé ìròyìn gbọ́ ju ohun tí aládùúgbò wọn bá sọ lọ. Ilé ọmọ yìí kò ju òpópónà méjì lọ sí ìsọ̀ mi. Kò wá bi mí. Ẹ̀yin ló bi.

Ibi tí àṣìṣe náà ti bẹ̀rẹ̀ ni pé arábìnrin yẹn rò pé aṣọ ni fẹ́lìtì, ohun tí wọ́n fi ń ṣe fìlà fẹdórà. Kì í ṣe aṣọ. Òfì tàbí àǹkárá, òwú ni wọ́n hun, ọ̀kan gba òkè, èkejì gba abẹ́. Fẹ́lìtì kò ní híhun kankan. Irun ẹran ni wọ́n há mọ́ra: irun àgùntàn lára èyí tí kò wọ́n, irun ehoro lára èyí tó dára, irun ẹranko odò kan tí wọ́n ń pè ní beaver lára èyí tó wọ́n jù. Irun kọ̀ọ̀kan ní ìpẹ́ kéékèèké lára tí ojú lásán kò lè rí. Tí omi àti iná bá ti kàn án, tí ọwọ́ sì ń rà á, àwọn ìpẹ́ yẹn á máa há ara wọn, bí irun orí ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò yà fún oṣù mẹ́ta. Bó bá ṣe ń há sí i ni yóò máa kéré sí i. Bí ilé iṣẹ́ ṣe ń sọ òkìtì irun di fìlà nìyẹn. Nígbà tí arábìnrin yín ní ká da omi sí i ká gbé iná lé e, ilé iṣẹ́ ló dá fìlà náà padà sí, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé ó tó. Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́.

Kí ẹ má bàa sọ pé àgbà kan ló ń fọ́nnu, èmi náà ti ba fìlà jẹ́ rí. Èbúté-Mẹ́ta ni mo ti kọ́ṣẹ́. Ọ̀gá mi ń rán fìlà wa, abetí ajá, gọ̀bì, ìkorì, ó sì tún ń tún fìlà òyìnbó ṣe fún àwọn òṣìṣẹ́ Rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì àti àwọn tó ń fọn fèrè nínú ẹgbẹ́ haílàìfù. Ní oṣù kẹta tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ní kí n gbé fìlà kan sí ooru kẹ́tùlù, kí n kà dé 15. Ebi ń pa mí. Mo fi igi gbé fìlà náà kọ́ sẹ́nu kẹ́tùlù, mo sáré lọ ra mọ́ínmọ́ín níwájú ilé. Ìgbà tí mo padà dé, ó ti kéré tó èyí tí wọ́n ń fi sórí bèbí. Ọ̀gá mi kò lù mí. Ó san owó fìlà náà fún olówó rẹ̀, ó wá ní kí n máa dé èyí tí mo bà jẹ́. Oṣù méjì gbáko ni mo fi dé e, ó jókòó sórí mi bí ìdérí ìgò. Bí àwọn oníbàárà bá bi mí pé kí ló dé, ọ̀gá mi á ní, "Mọ́ínmọ́ín ni."

Fìlà ọmọ yẹn ńkọ́? Nǹkan àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni pé mi ò ṣe nǹkan kan. Mo gbé e sórí pẹpẹ di ọjọ́ kejì kí ọ̀rinrin tó kù nínú rẹ̀ jáde fúnra rẹ̀. Láàárọ̀ Ọjọ́rú, mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírun ẹṣin gbá a yípo, mo gbà á sápá òsì, ní ìdà kejì ọ̀nà tí ọwọ́ aago ń gbà, torí ọ̀nà ibẹ̀ ni irun rẹ̀ dojú kọ. Ẹni tó bá gbá a gba ọ̀nà kejì yóò rí i bí irun náà ṣe máa dìde bí ti ológbò tó ń bínú. Ibi tí áyọ́ọ̀nù ti sọ di dídán, mo mú sáńpépà tó kúnná, nọ́ńbà 400, mo rọra fi ń tọ́ ọ. Eruku aláwọ̀ eérú ń bọ́ sórí ẹsẹ̀ mi. Dídán náà lọ díẹ̀díẹ̀. Kò lọ tán.

Lẹ́yìn náà mo tú awọ inú rẹ̀ kúrò. Ká ní awọ náà ṣì dára ni, ńṣe ni mi ò bá yí i síta kí ooru má bàa bá a, torí awọ ò fẹ́ rí ooru sójú. Ó máa ń súnkì bíi pọ̀nmọ́ tí wọ́n gbé sórí iná. Ti fìlà yìí ti di pọ̀nmọ́ ná. Mo ránṣẹ́ sí ọjà awọ níhìn-ín ní Mushin pé kí wọ́n bá mi wá awọ àgùntàn tó fẹ́lẹ́.

Mo gbé kẹ́tùlù kaná. Kì í ṣe ìkòkò, kẹ́tùlù tó lẹ́nu tóóró ni, kí ooru lè máa jáde sójú kan. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé, mo gbé fìlà náà síwájú ooru, àlàfo tó wà láàárín wọn tó ìbú àtẹ́lẹwọ́. Mo ń yí i, mi ò jẹ́ kó dúró sójú kan. Ọ̀gá mi kò ní aago ọwọ́. Orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèje ló máa ń pè lẹ́ẹ̀mejì sábẹ́ ẹnu. Tó bá ti pe àbíkẹ́yìn lẹ́ẹ̀kejì, ó tó, ìyẹn nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 15. Títí dòní, orúkọ àwọn ọmọ ọlọ́mọ yẹn ni mo ń pè. Ọ̀kan nínú wọn ti di ìyá àgbà.

Ọwọ́ ló máa ń sọ pé fẹ́lìtì ti rọ̀. Yóò dà bí etí ọmọ ajá. Mo ki ìkúùkù bọ inú rẹ̀, mo tì í sókè títí gbogbo ìrísí rẹ̀ fi parẹ́, tó wá dúró róbótó bí igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Orí onígi tí mo ní tó jẹ́ 58 kò wọ̀ ọ́, nítorí náà mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 57. Mo fún un lóoru, mo fà á. Mo tún fún un lóoru, mo tún fà á. Nígbà tó di ọ̀sán ó gba 57. Mo so okùn mọ́ ọn nídìí, mo fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ní Ọjọ́bọ̀ ó gba 58, ṣùgbọ́n ó ń kùn. Ní ti etí rẹ̀, kò sí nǹkan tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i. Etí tó gbòòrò dáadáa nínú fọ́tò ti di íǹṣì 2 géérégé, ohun tó ti há ti há.

Fọ́tò wo? Mo bi ọmọ náà pé báwo ni bàbá rẹ̀ ṣe máa ń tẹ fìlà yìí. Ó ní òun ò mọ̀, pé fìlà ṣáà ni. Mo ní kò sí ohun tó ń jẹ́ fìlà ṣáà, kó lọ wá fọ́tò. Ó fi mẹ́ta ránṣẹ́ sórí WhatsApp ọmọ mi. Nínú èyí tó mọ́lẹ̀ jù, bàbá náà jókòó níbi ìgbéyàwó kan, fìlà náà gẹ̀ díẹ̀ sápá ọ̀tún, ó ń fẹnu họ egungun. Mo ní kí ọmọ mi fà á tóbi.

Irú èyí tí wọ́n ń pè ní omijé ló wà lórí rẹ̀. Kòtò orí fìlà ni mò ń sọ: ó fẹ̀ lẹ́yìn, ó wá ń tín-ínrín bọ̀ níwájú, bí ẹ̀kán omijé. Ó yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ kòtò gbọọrọ kan láti ẹ̀yìn dé iwájú, ó sì yàtọ̀ sí èyí tó tẹ́ bí ìdérí ìkòkò, tí àwọn eléré jáàsì fẹ́ràn. Èyí yé mi kíá. Ohun tó dá mi dúró ni imú fìlà náà. Imú ni à ń pe ibi méjì tí wọ́n fún pọ̀ níwájú. Ti bàbá yìí kò dọ́gba, apá òsì jìn ju ti ọ̀tún lọ. Àpá àtàǹpàkò nìyẹn. Ìgbàkígbà tó bá fẹ́ ṣí fìlà kí èèyàn, ọwọ́ ọ̀tún ló máa fi gbá a mú nímú, àtàǹpàkò a sì bọ́ sápá òsì.

Olóòtú, ẹ bá mi tẹ apá yìí kó tóbi: ẹ má ṣe fi imú gbé fìlà. Ó dùn ún wò nínú sinimá, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni fẹ́lìtì ti ká jù, ibẹ̀ náà ni òógùn ọwọ́ máa ń dé lójoojúmọ́. Nígbà tí mo tan iná fóònù sínú fìlà bàbá yìí, mo rí i tí ìmọ́lẹ̀ yọ níbi imú, ihò kan tó tó orí abẹ́rẹ́, òmíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Etí ni kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì mú, níwájú àti lẹ́yìn. Mo gé fẹ́lìtì pẹlẹbẹ kan, mo fi dí ihò náà láti inú, mi ò sì sọ fún ọmọ náà. Kò ní mọ̀.

Mo wá tún gbé e sóoru, orí rẹ̀ nìkan lọ́tẹ̀ yìí. Mo fi ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹwọ́, lápá ọmọńdinrín, tẹ̀ ẹ́ láti ẹ̀yìn bọ̀ wá síwájú. Èèyàn kì í tẹ̀ ẹ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan. Mo tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, mo dúró, mo gbé e jìnnà wò ó, mo tún gbé e sóoru. Mo fi ìka tò ó lẹ́yìn kó lè fẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, àtàǹpàkò lápá kan, ìka ìlábẹ̀ àti ti àárín lápá kejì, mo rọra fún imú rẹ̀. Ibí ni àwọn ọ̀dọ́ ti máa ń kánjú. Wọ́n á fún un, wọ́n á jọ̀wọ́ rẹ̀, yóò sì padà síbi tó ti ń bọ̀, wọ́n á wá ní áyọ́ọ̀nù ló kù. Ooru ló ń rọ̀ ọ́, ìtutù ló ń dì í mú. Mo di imú náà mú, rédíò ń ka àkọlé ìròyìn, wọ́n kà á tán kí n tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó dúró. Mo wá fi àtàǹpàkò mi tẹ apá òsì jìn díẹ̀ sí i.

Etí iwájú wá sílẹ̀, ti ẹ̀yìn lọ sókè. Kókó ríbọ́ọ̀nù ara fìlà ọkùnrin, òsì ló máa ń wà. Kókó kékeré inú awọ, ẹ̀yìn ló ń tọ́ka sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wò ó kí ẹ tó dé e. Níbi ìgbéyàwó kan tí mo lọ lọ́dún tó kọjá, ọkọ ìyàwó àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́fà jọ dé fẹdórà, mẹ́rin nínú wọn ló gbé ẹ̀yìn síwájú. Ayàwòrán kò sọ nǹkan kan. Èmi náà ò sọ, torí èmi kọ́ ni mo tà á fún wọn.

Ó kan ọ̀rọ̀ ojúlówó àti ayédèrú. Tẹ́lẹ̀, àwọn Ijaw àti Urhobo láti Ajégúnlẹ̀ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gbé fìlà òyìnbó wá fún mi, nítorí àwọn máa ń dé e sí ìró àti ẹ̀wù wọn. Nígbà tí Goodluck Jonathan di ààrẹ ní 2010, tí fìlà dúdú kì í kúrò lórí rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, gbogbo ayé bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá a, títí kan àwọn tí orí wọn kò gbà á. Ọjà bá kún fún oríṣiríṣi. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, irun àgùntàn tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù mú le ni, tí ẹ̀rọ sì ti tẹ kòtò rẹ̀ sí i. Irú ìyẹn, tó bá wó, ooru díẹ̀ lè rọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ má retí kó gba ìrísí mìíràn. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì, ẹ fi ìka tí ó lómi díẹ̀ kan inú rẹ̀ kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Irun àgùntàn á rùn bí àgbò Iléyá tí òjò pa. Àwọn ojúlówó tó ń bọ̀ wá sọ́wọ́ mi báyìí, inú òkirìkà ni mo ti ń rí wọn, Stetson láti Amẹ́ríkà, nígbà mìíràn Borsalino láti Ítálì, tí ẹni tó ń tà á ò mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Borsalino yẹn, láti 1857 ni wọ́n ti ń ṣe é nílùú Alessandria. Mo ra ọ̀kan rí ní iye tí wọ́n ń ta ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò méjì. Mi ò sọ ọjà tí mo ti rà á.

Àwọn tó bá ní fìlà bàbá àgbà, èyí tó ti wà ṣáájú ogun Hitler, ẹ ṣọ́ra fún ooru. Láyé ìgbà yẹn, mẹ́kúrì, tó jẹ́ májèlé, ni ilé iṣẹ́ fi ń ṣe irun ehoro kó lè há dáadáa. Nílùú Danbury ní Connecticut, ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ fìlà máa ń gbọ̀n débi pé orúkọ ìlú náà ni wọ́n fi ń pe àìsàn yẹn. Ní 1941 ni ìjọba Amẹ́ríkà fòpin sí i. Mẹ́kúrì kì í sá lọ nínú fẹ́lìtì bẹ́ẹ̀, ooru sì lè gbé e sáfẹ́fẹ́. Irú fìlà bẹ́ẹ̀, ìta gbangba ni mo ti ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a, mi ò sì gbé e sẹ́nu kẹ́tùlù.

Ọmọ mi ní kí n má gbàgbé ọ̀rọ̀ obìnrin. Arábìnrin yín kọ ọ́ síbẹ̀ pé fìlà ọkùnrin ni fẹdórà, pé kò yẹ ọmọ obìnrin tó bá lẹ́kọ̀ọ́. Ṣé ó mọ̀ pé orúkọ obìnrin ni Fẹdórà? Ní 1882, wọ́n ṣe eré kan nílùú Paris, Fédora ni orúkọ ọmọbabìnrin inú eré náà, Sarah Bernhardt ló sì ṣe é. Láti ibẹ̀ ni fìlà náà ti gba orúkọ, àwọn obìnrin ló sì kọ́kọ́ gbé e lárugẹ kí ọkùnrin tó gbà á lọ́wọ́ wọn. Ọmọ mi ti ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń tẹ èyí. Ó ní aláwọ̀ ewé lòun fẹ́.

Àwọn kan á ní kí ló kan Yorùbá kan gbogbo èyí. Ẹni bá ti rí Ẹ̀yọ̀ l'Ékòó, tó rí bí wọ́n ṣe ń fi akẹtẹ̀ mọ ilé tí Ẹ̀yọ̀ kọ̀ọ̀kan ti wá, tó rí akẹtẹ̀ dúdú lórí Adímú tó jẹ́ àgbà gbogbo Ẹ̀yọ̀, kò ní bi mí pé ṣé fìlà elétí jẹ́ àjèjì sí wa. Gọ̀bì tiwa náà, tó bá ṣì wà lórí pẹpẹ, kò ní ìrísí kankan. Ìgbà tí ọwọ́ olówó rẹ̀ bá gẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ló tó di fìlà. Mo ti rán gọ̀bì kan náà fún ìbejì méjì rí, láti inú aṣọ kan náà, ìyá wọn kò sì ṣì wọ́n mọ̀ láti ẹ̀yìn.

Ní báyìí, ẹ bá mi sọ fún àwọn tó ń ka ìwé yín pé bí òjò bá pa fìlà fẹ́lìtì, kí wọ́n yí awọ inú rẹ̀ síta, kí wọ́n gbé e dúró lórí awọ yẹn níbi tí atẹ́gùn wà, kí wọ́n jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀. Kì í ṣe nínú oòrùn, kì í ṣe níwájú jẹnẹrétọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé e kalẹ̀, orí rẹ̀ ni kó wà nísàlẹ̀, etí lókè, torí bí etí bá wà nílẹ̀ yóò tẹ́. Kí wọ́n fi káńfọ̀ sínú àpótí rẹ̀, kòkòrò tó ń jẹ irun kò mọ iye tí wọ́n rà á. Tí wọ́n bá sì fẹ́ fọwọ́ ara wọn tẹ̀ ẹ́, kẹ́tùlù kan, ooru díẹ̀, ọwọ́ tí kò kánjú. Kí wọ́n má ra mọ́ínmọ́ín láàárín.

Ọjọ́ Ẹtì la wà yìí. Fìlà náà wà lórí pẹpẹ, awọ tuntun yóò wọ inú rẹ̀ lọ́la, ìsìnkú di Sátidé tó ń bọ̀. Mo gba owó awọ lọ́wọ́ ọmọ náà, mi ò gba owó iṣẹ́. Owó iṣẹ́ yẹn, ẹ̀yin lẹ jẹ mí. Mi ò ní kí ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ kàn tẹ ìwé mi yìí sójú ewé oge yẹn kan náà, kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi tó ti ọjọ́ náà. Bí arábìnrin yẹn bá sì fẹ́ rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ìsọ̀ mi kì í tì àfi ọjọ́ Àìkú. Kó mú fìlà tirẹ̀ dání, kó fi áyọ́ọ̀nù sílé.

Èmi ni tiyín,
Bàbá Onífìlà,
Mushin, Èkó.